Bàbá Atẹ̀wé ní Ìtòkú: ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìtàn lédè Yorùbá, ẹ gbé iṣẹ́ yín lọ síbẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti tó èèyàn mẹ́rin tó bi mí níbi tí mo ti tẹ ìwé mi, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Ṣọ́ọ̀bù náà ò ní sáínbọ́ọ̀dù. Tẹ́ ẹ bá ti dé Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ẹ gba àárín àwọn aládìrẹ kọjá, kẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń wá Bàbá Atẹ̀wé, wọ́n á júwe fún yín. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà, ẹ máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí níbòmíì. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo kó ìtàn mi fún àwọn atẹ̀wé kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ̀dà 200 ni mo sanwó ẹ̀, odindi ọdún kan ni mo fi ń yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù tíṣà. Ìgbà tí páálí dé tí mo já a, gbogbo àmì orí ló ti lọ, àmì abẹ́ lọ, níbòmíì ẹ máa rí àpótí kékeré níbi tó yẹ kí ẹ́ àti ọ́ wà. Ìtàn yẹn bẹ̀rẹ̀ látorí obìnrin kan tó wà lóko tí ọkọ́ kán mọ́ lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀ ló ń sọ ọ́, ó ní "Ọkọ́ ìyá mi kán." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, orí ẹ̀ ni gbogbo ìtàn dúró lé. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni "Oko iya mi kan." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ṣàgámù, wọ́n ní, "Ọkọ ìyá mi kan kẹ̀? Ọkọ mélòó ni obìnrin yìí ní?" Wọn ò ṣì í kà, bó ṣe wà níwájú wọn náà ni wọ́n ṣe kà á. Mo padà lọ bá ọ̀gá atẹ̀wé yẹn, ó ní kí n má dààmú, á yé àwọn èèyàn. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò sì lè ta ju 40 lọ nínú ìwé náà, ojú ń tì mí láti gbé e fún èèyàn.

Ó dùn mí gan-an torí Abẹ́òkúta nìyí. Ìlú yìí náà ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859, lédè Yorùbá. Amos Tutuola tí wọ́n bí níbí ní 1920, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1952, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ò ní àmì ohùn tó lè sọ nù lọ́wọ́ atẹ̀wé. Àwa tá a ń fi Yorùbá kọ, tí atẹ̀wé bá ti da àmì nù, ìtàn mìíràn ló tà fún ẹni tó ra ìwé yẹn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ìtàn yẹn kan náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá, wọn ò sọ̀rọ̀ owó rárá. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jókòó, ẹ mú fíláàṣì yín wá," wọ́n ṣí i, wọ́n ka ojú ìwé àkọ́kọ́ síta, wọ́n pe ọkọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Wọ́n wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì abẹ́ nìkan, kọ̀ǹpútà ní odindi ààyè kan fún un, àmọ́ ẹ́ tó tún ní àmì lórí ò ní tiẹ̀, ńṣe ló máa mú lẹ́tà ẹ, á wá gbé àmì lé e lórí, fọ́ǹtì tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí kó fi àpótí dí i. Fọ́ǹtì ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, wọ́n sì tẹ ojú ìwé mẹ́ta fún mi kí n fi ojú ara mi rí i.

Ọmọbìnrin tó ń to ìwé níbẹ̀, ẹ má fojú kéré ẹ̀ o. Ó ń ka ohun tó ń tò. Mo ní adẹ́mu kan nínú ìtàn yẹn, mo ti tẹ̀ ẹ́ pé ó fi igbá gun ọ̀pẹ, èmi alára kà á tó ìgbà mẹ́wàá mi ò rí i. Ó fi báírò pupa yí i po, ó ní, "Ẹ má bínú Tíṣà, ṣé igbá lẹ ní kó fi gun ọ̀pẹ ni àbí igbà?" Mo dìde mo dì mọ́ ọn.

Ohun kejì tí mi ò lè gbàgbé ni ti ojú ìwé 146. Ìwé mi parí sí 146, Bàbá ní ojú ìwé 16 ló máa ń wà nínú ìdì kan, ìyẹn bébà ńlá kan tí wọ́n ká, ìdì mẹ́sàn-án jẹ́ 144, torí ojú ìwé méjì tó lé yẹn màá sanwó odindi ìdì kan sí i. Mo rò pé wọ́n á kàn sún ọ̀rọ̀ mọ́ra ni, wọ́n kọ̀, wọ́n ní ojú á máa ro ẹni tó ń kà á. Wọ́n wá fi hàn mí pé orí kẹrin parí pẹ̀lú ìlà méjì lórí ojú ìwé tuntun, orí keje náà parí pẹ̀lú ìlà mẹ́ta, wọ́n ní kí n gé díẹ̀ nínú orí méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gé e. Ní orí keje, ìyá àgbà kan wà tó ń ṣàlàyé ohun tí òǹkàwé ti rí fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó kàn dákẹ́, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn máa ń dárúkọ fún mi jù báyìí.

Ibi tí wọ́n kù sí náà wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà, torí iná, jẹnẹrétọ̀ tún bàjẹ́ láàárín ẹ̀, Bàbá kì í sì í gbé fóònù, ẹ máa fẹsẹ̀ ara yín rìn débẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ìgéwèé gé nọ́mbà ojú ìwé dànù lára ẹ̀dà bíi 30, àmọ́ wọ́n tún òmíràn tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀dà 200 ni wọ́n tẹ̀ fún mi, ₦2,100 ni mo san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn, gọ́ọ̀mù gbígbóná ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, mo ti la tèmi sílẹ̀ gbaragada lórí tábìlì, ewé kankan ò já. Wọn kì í bá èèyàn gba ISBN, ìyẹn nọ́mbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, o, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbà á lọ́wọ́ National Library kẹ́ ẹ tó gbéṣẹ́ wá, torí ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ìtàn kejì ti wà nínú fíláàṣì. 131 ló parí sí, ìdì mẹ́jọ jẹ́ 128, ojú ìwé mẹ́ta ni mo ṣì ń gé lọ́wọ́.