Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń fi ilẹ̀ ọdẹ lu àwọn èèyàn ní jìbìtì lọ́nà Monticello

Ẹ̀yin ọdẹ tẹ́ ẹ wà ní Georgia nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Lithonia, Conyers, Snellville àti Covington, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni torí ilẹ̀ ọdẹ, ìyẹn ilẹ̀ téèyàn ń yá lọ́dọọdún láti máa ṣọdẹ lórí rẹ̀. Gbájú-ẹ̀ ti gba 1,750 dọ́là lọ́wọ́ mi. 1,000 nínú owó náà, ti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ni, èmi ni mo sì fẹnu ara mi fà wọ́n wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń gbé e mì. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdẹ ni mí. Ìgbòho ni bàbá mi ti ṣọdẹ títí ọlọ́jọ́ fi dé, àti kékeré ni mo sì ti ń bá a gbé àpò lọ sígbó. Báwo ni irú mi ṣe fẹ́ sọ ọ́ síta pé wọ́n fi igbó gba tọwọ́ òun?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, kẹ́ ẹ má baà rò pé ojúkòkòrò ló bá mi. Nígbà tí mo kó dé Conyers ní 2009, bàbá òyìnbó kan wà tó ní pápá màlúù létí ìlú. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo kí i, mo ní mo fẹ́ máa wá pa àgbọ̀nrín. Bàbá náà kò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí n ṣáà máa ti géètì torí màlúù òun, bí mo bá sì pa ẹran, kí n gbé itan kan wá fún òun. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dẹ ilẹ̀ yẹn. Bàbá kú, àwọn ọmọ ta ilẹ̀, katapílà dé. Bẹ́ ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni, gbogbo òrùlé wọn àwọ̀ kan náà. Àgbọ̀nrín kò sì kúrò o! Wọ́n ń jẹ òdòdó ìyàwó mi lẹ́yìnkùlé bí ewúrẹ́ àdúgbò. Ẹran ń bẹ, ibi téèyàn ti lè ta ọfà tàbí yìnbọn láìsí wàhálà ló di ọ̀wọ́n. Ohun tó ń lé wa lọ sí káúńtì Newton, sí Morgan, sí Jasper nìyẹn. Ibẹ̀ náà kò sì rójú mọ́ látìgbà tí àwọn Rivian tó ń ṣe mọ́tò oníná ti kéde ní 2021 pé àwọn máa kọ́ iléeṣẹ́ sẹ́bàá ìlú Social Circle. Àwọn olè mọ̀ pé ojú ń pọ́n wa. Òun ni wọ́n fi ń jẹun.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni arákùnrin kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, fi ìpolówó náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ilẹ̀ éékà 75, igbó páìnì, odò kékeré kan gba àárín rẹ̀ kọjá, ìṣẹ́jú 40 sí Lithonia. 20 dọ́là lórí éékà kan fún ọdún kan. Ẹ ò rí i pé iye yẹn kò lè fu èèyàn lára? Ká ló pe dọ́là márùn-ún ni, mi ò bá ti sá. Ó mọ iye tó yẹ kóun pè.

Mo pe nọ́ńbà náà. Àgbà òyìnbó kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó bi mí léèrè bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe. Ó ní kí n máa bọ̀ ní Sátidé. Mo gba I-20, mo yà sí Highway 11 tó lọ sí Monticello, ó ti dúró dè mí lẹ́nu géètì pẹ̀lú ajá rẹ̀, ẹrẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀. Ẹrẹ̀! Mo rántí ẹrẹ̀ yẹn títí di àárọ̀ yìí, torí òun ló tù mí lójú. Mo ní ẹni tí ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ló ń rìn.

Ẹ wá gbọ́ ti géètì. Wọ́n fi ṣéènì nínípọn dè é, àgádágodo márùn-ún sì kọ́ ara wọn lọ́rùn lórí ṣéènì náà, ọ̀kan wọ inú ọ̀kan. Ẹni tó bá ti máa ń lọ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n: àwọn onígi ní tiwọn, àwọn ọdẹ ní tiwọn, àwọn oníná ní tiwọn, kálukú ń ṣí tirẹ̀, géètì á sì ṣí. Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà yẹ́lò. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí ti yẹ́lò yẹn lójú mi, ó ní, “Tìẹ nìyí.” Ta ni í fura sí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí géètì lójú ẹni? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé ẹ̀yin ì bá ti mọ̀, ta ni nínú yín ló máa ń yẹ ṣéènì wò? Mi ò mọ̀ pé ṣe ló fi ayùn gé ojú ṣéènì kan, tó sì ki àgádágodo tirẹ̀ bọ àárín.

A wọlé. Ó fi ibi tí akọ àgbọ̀nrín ti fi ìwo ha èèpo igi hàn mí, ó ṣì tutù, omi igi ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹran kún etí odò. Irọ́ kọ́ nìyẹn, ẹran wà níbẹ̀. Ara mi yá gágá. Bí mo ṣe ń wolẹ̀ ni mo rí àwọn igi pẹlẹbẹ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ òsùn-pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí wọn, wọ́n sì fi tádàwà kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Mo bi í pé kí nìyí. Ó ní àwọn tó ń ka igi páìnì ló rì wọ́n. Mo gbà.

Èmi yìí gbà! Èmi tí mo ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú, tí mo tẹ̀ lé sọ̀fíọ̀ káàkiri nínú oòrùn, tí mo mọ ohun tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì. Ojú mi rí i, ọkàn mi sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín wà nílẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ́. Èyí ló ń dùn mí ju owó lọ.

Ó fún mi ní ìwé àdéhùn olójú méjì, mo fọwọ́ sí i, òun náà fọwọ́ sí i. 1,500 fún ilẹ̀. 150 fún ìbánigbófò. 100 fún kọ́kọ́rọ́, tó ní òun máa dá padà bí ọdún bá parí. Ó ní kí n fi Zelle, ìyẹn ọ̀nà tá a fi ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, san án sí orúkọ obìnrin kan, pé ìyàwó òun ló ń mójú tó owó. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù níbẹ̀, lórí ilẹ̀ olówó, ajá rẹ̀ ń lá mi lọ́wọ́.

Sátidé tí àkókò fífi ìbọn pa àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kẹwàá, aago mẹ́ta òru ni mo ti jí. Ìyàwó mi po tíì sínú fúláàsì fún èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago márùn-ún lù nígbà tá a dé ẹnu géètì, mọ́tò mẹ́ta sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Mo kọ́kọ́ rò pé olè ni wọ́n. Mo sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ Amẹ́ríkà, tan tọ́ọ̀ṣì sí mi, ó ní, “Ilẹ̀ mi nìyí o.” Mo ní ilẹ̀ mi ni. Ó yọ ìwé jáde. Ìwé mi ni! Ọ̀rọ̀ kan náà, ìfọwọ́sí kan náà, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan náà. Bàbá kan tó ń sọ èdè Sípéènì wà nínú mọ́tò kejì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ náà kò lè ju ọdún méjìlá lọ, bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí bébà ilé ìtajà ṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tiwọn náà ṣí ti yẹ́lò.

A ṣì ń wo ara wa lójú nígbà tí àwọn onílẹ̀ gan-an dé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọdẹ tí iléeṣẹ́ onígi ti ń yá ní ilẹ̀ náà látọjọ́ pípẹ́. Inú bí wọn, mi ò sì bá wọn wí. Wọ́n pe ẹ̀ṣọ́ ìjọba tó ń rí sí ẹran ìgbẹ́. Ó dé, ó gba ìwé àṣẹ ọdẹ wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi wá léèrè ta ló fún wa láyè. Kẹ́ ẹ yìnbọn lórí ilẹ̀ ẹni tí kò fún yín láyè, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè gbé yín lọ sí kóòtù fún ni ní Georgia. Bí kì í bá ṣe pé ìwé irọ́ yẹn wà lọ́wọ́ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ọkùnrin náà sì jẹ́ ọmọlúàbí, kóòtù ni ǹ bá ti kọ èyí. Ẹ fojú inú wo àgbàlagbà bíi tèmi, baba ọlọ́mọ mẹ́ta, nínú ẹ̀wù ọdẹ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò yẹn, tí wọ́n ń bi í léèrè níwájú àwọn ọmọ kékeré. Ọmọ ọlọ́dún méjìlá yẹn ń sunkún, bàbá rẹ̀ kò sì mọ ohun tó máa sọ fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ náà ló sọ ìdí àwọn ríbọ́ọ̀nù yẹn fún mi. Wọ́n ti ta ilẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì. Ọdún yìí ni ìkẹyìn tiwọn náà níbẹ̀.

Báǹkì ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi owó ránṣẹ́, kò sóhun táwọn lè ṣe. Nọ́ńbà ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Ohun tí mo sá fún ní Ìkòròdú nìyí o! Ọmọ onílẹ̀ tó ń ta púlọ́ọ̀tì kan fún ẹni márùn-ún, tí a fi ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Mo rò pé mo ti fi í sílẹ̀ sílé. Ó wà níbí, ajá ló ń fà kiri.

Àti ìwọ arákùnrin tó fi ìpolówó yẹn ránṣẹ́ sí mi, o mọ ara rẹ. Mo ti pè ọ́ nígbà mẹ́fà. Bí o kò bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, gbé fóònù rẹ, kí o sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní wọ́n ń fún ọ ní nǹkan lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá san owó. Mi ò lè fi Bíbélì búra sí i, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n jẹ ìwọ náà ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o kò gbé fóònù? Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí dá owó àwọn ọ̀rẹ́ mi padà láti inú owó iṣẹ́ mi, 250 ní oṣooṣù, torí èmi ni wọ́n mọ̀.

Ní báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní ilẹ̀ ọdẹ, olè ni lójú mi títí yóò fi fi hàn pé òun kì í ṣe olè. Ó lè má dáa bẹ́ẹ̀, àwọn olóòótọ́ wà, bàbá Conyers yẹn jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe, kí n tètè sọ ọ́. Káúńtì kọ̀ọ̀kan ló ní ọ́fíìsì tó ń bu owó orí ilẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ wà lórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, qPublic ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Áàpù onX náà máa fi ààlà àti orúkọ onílẹ̀ hàn yín bẹ́ ẹ ṣe dúró sórí ilẹ̀ náà. Ìṣẹ́jú méjì ni. Mi ò ṣe é. Orúkọ tó bá wà níbẹ̀ àti orúkọ tó wà lórí ìwé yín, bí wọn kò bá jọ, ẹ wá nọ́ńbà onílẹ̀ fúnra yín kẹ́ ẹ pè é, ẹ má gba nọ́ńbà lọ́wọ́ olùtà. Ẹ má fi Zelle tàbí Cash App sanwó fún ẹni tẹ́ ẹ kò mọ̀ rí. Ẹ kí àwọn ará ilé tó wà nítòsí, ẹ bi wọ́n ta ló ń dẹ ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ríbọ́ọ̀nù àwọn sọ̀fíọ̀, ẹ máa lọ sílé.

Ilẹ̀ ìjọba sì wà: Clybel ní Mansfield, B.F. Grant, Cedar Creek, àti igbó Oconee tó ju 100,000 éékà lọ. Àwọn kan nínú wọn, ẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó yan yín fún ọjọ́ ìbọn, ẹ yẹ ọjọ́ wò dáadáa. Ẹni tó bá ní ọrun àti ọfà, àkókò ọfà ń gùn dé ìparí oṣù Kìn-ní ní Gwinnett, DeKalb, Rockdale àti àwọn káúńtì mìíràn tó yí Atlanta ká, bẹ́ ẹ bá ti rí onílẹ̀ tó gbà. Bí wọ́n bá ti jẹ yín, ẹ sọ fún ṣẹ́ríìfù, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sí reportfraud.ftc.gov àti ic3.gov. Mo ti kọ tèmi.

Ohun tó mú mi kọ èyí lónìí dípò kí n máa dákẹ́ lọ ni pé lánàá, ọ̀rẹ́ mi kan fi ìpolówó tuntun hàn mí lórí Facebook. Éékà 60, nítòsí Madison. Orúkọ olùtà ti yí, owó ti di 25 dọ́là lórí éékà, géètì inú fọ́tò kì í ṣe géètì tiwa. Mo fi ìka fẹ fọ́tò náà lórí fóònù. Àgádágodo mẹ́rin ló kọ́ ara wọn lọ́rùn lórí ṣéènì, ìkẹta láti apá òsì, ọ̀dà yẹ́lò ni wọ́n fi kùn ún.