Mo mú kíláàsì mi lọ Íjíbítì nínú ilé géèmù: àgbéyẹ̀wò tíṣà kan

Orí owó ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kan, páàdì kan, àǹtí tó jókòó sídìí tábìlì sì ní kí n san owó orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Ṣé gbogbo wọn ni yóò jọ di páàdì mú ni?" Ó ní, "Mà, ojú tó ń wò náà ń sanwó." Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó gbé fóònù sí mi létí. Ọ̀gá ń jẹun lọ́wọ́, mo ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́. "Ẹ má bínú, mà, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn." Mo san án.

Discovery Tour: Ancient Egypt tí Ubisoft, iléeṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, gbé jáde ní 2018 la bá lọ. Inú géèmù Assassin's Creed Origins ni wọ́n ti yọ ọ́: ìlú kan náà, odò Náìlì kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n kó ìjà kúrò, wọ́n sì fi ìrìn àjò 75 tó ní àlàyé sí i.

Ọmọkùnrin tó yẹ kó bá wa tan án fi nǹkan dí etí méjèèjì. Mo pe orúkọ ohun tí a fẹ́, ó mi orí, ó tan nǹkan kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ti gún sójà kan pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì, kíláàsì ń pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo kọ̀wé sáwọn òbí pé ẹ̀kọ́ ìtàn la ń lọ kọ́! Mo figbe ta. Ó yọ nǹkan etí kan. "Íjíbítì lẹ ní kí n tan, mà. Íjíbítì náà nìyẹn."

Nígbà tó wá tan èyí tó yẹ, ìlà wúrà kan ń bẹ nílẹ̀ tí ẹ ó máa tẹ̀ lé. Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàlàyé yára ju àwọn ọmọ lọ, kò sì sí Yorùbá níbẹ̀. Ibí ni mo ti rí nǹkan. Ọmọkùnrin yẹn yọ nǹkan etí kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró níbùdó kọ̀ọ̀kan, ó ń fi Yorùbá Ìbàdàn sọ ọ́. Nínú pírámíìdì Khufu, ọba Íjíbítì àtijọ́, ó ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ní wọ́n fi ń wọ́ òkúta gòkè láti inú, èrò Jean-Pierre Houdin ni, ayàwòrán-ilé ará Faransé, "ẹnikẹ́ni ò tíì fojú rí i o." Ó ní Origins, géèmù ìjà yẹn, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní 2017 ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, tí àwọn olùwádìí ScanPyramids kéde pé muon, nǹkan wínníwínní tó ń já bọ̀ láti òfurufú tó sì ń la òkúta kọjá, ti fi àlàfo kan hàn wọ́n níbẹ̀ tó gùn tó mítà 30 ó kéré tán. Mo gbé àga mi sún mọ́ ọn.

Àfi ìgbà tí a dé iléèwé kan nínú géèmù náà. Àwọn ọmọbìnrin jókòó pẹ̀lú ọkùnrin, wọ́n ń kọ̀wé. Ọmọbìnrin mi kan pariwo, "Mà, àwa náà wà níbẹ̀!" Inú bí mi. Irọ́ ni, mo sì fẹ́ wí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní, "Ẹ ní sùúrù, mà," ó lọ ṣí ibi tí àwọn tó ṣe é ti kọ ọ́ fúnra wọn pé àwọn mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi ọmọbìnrin síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ń ṣeré má bàa rí ara rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin mi yẹn kà á tán, ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sí ara ògiri kíláàsì náà?" Mi ò rí èsì fún un, ọmọkùnrin náà ò rí. Òkúta tí wọ́n wọ̀n àti òkúta tí wọ́n rò lọ́kàn, oòrùn kan náà ló ń ràn sí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí kò bá tẹ ibẹ̀ yẹn kò lè mọ̀yàtọ̀. Síbẹ̀, ìwé ìtàn tí a ń lò ní kíláàsì wa kò jẹ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n kí ni ti ìkarahun? Nínú géèmù ìjà, tí wọ́n ti ń gún èèyàn, àwọn ère wà níhòòhò bí wọ́n ṣe gbẹ́ wọn. Nínú ẹ̀dà ẹ̀kọ́, wọ́n fi ìkarahun bò wọ́n nísàlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọmọ tó ti rí ère ìbejì nílé ìyá àgbà rẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi pamọ́ fún un?

A ń gun ilé ìmọ́lẹ̀ Alẹkisáńdíríà tó ń fọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi lọ, èyí tó ga ju mítà 100 lọ kí ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó o. A kù díẹ̀ ká dé òkè, iná lọ. Wọ́n wá epo jẹnẹrétọ̀ títí. Nígbà tí iná dé, àǹtí ní àkókò wa ti pé, pé aago òun kì í dúró de NEPA. Ọmọkùnrin tó fi nǹkan dí etí ló gbèjà wa, ó tiẹ̀ ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó òun. Àǹtí kò dá a lóhùn. Ó ń ka owó.

Máàkì mi: 4 nínú 5. Owó wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ bá lọ, ẹ bèèrè ọmọkùnrin yẹn, kẹ́ ẹ sì wo ohun tó tan kó tó kúrò níwájú yín.