Mỹ Tho àbí Cần Thơ: èwo lẹ lè fi ọjọ́ kan lọ?

Láti Ho Chi Minh City ní Vietnam, ibi méjì ni wọ́n sábà máa ń kó àlejò lọ wo ibi tí odò Mekong ti ya ẹ̀ka kó tó wọ òkun.

Mỹ Tho ló sún mọ́ jù, bíi 70 kìlómítà. Ọkọ̀ ojú omi á gbé yín sọdá sí Bến Tre, níbi tí àgbọn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń ro oje àgbọn mọ́ ṣúgà lórí iná títí á fi ki, tí wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n á sì fi bébà ìrẹsì tó ṣeé jẹ wé e. Àbùkù ẹ̀ ni pé èrò pọ̀, ọjà títà fún àlejò sì ti pọ̀ jù lójú tèmi.

Cần Thơ jìnnà, ó tó 170 kìlómítà. Tìtorí ọjà orí omi Cái Răng ni wọ́n ṣe ń lọ: oníṣòwò á so ohun tó ń tà mọ́ ọ̀pá gíga, kẹ́ni tó ń bọ̀ lókèèrè ti mọ̀ pé ọ̀pẹ òyìnbó ló gbé wá. Ṣùgbọ́n ìdájí lọjà ń kún. Ẹni tó bá gbéra láàárọ̀, ó di kó bá a níbi tó ti tú.

Mỹ Tho ni kẹ́ ẹ mú, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má pọ̀ lọ. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ò gbà ju èèyàn bíi mẹ́rin lọ; bẹ́ ẹ bá pọ̀, orí ìlà lẹ ó wà. Cần Thơ gba kéèyàn sùn síbẹ̀.