Ìkìlọ̀: Rísẹ́ẹ̀tì kò lè wẹ fóònù tí kòkòrò ti bá jáde láti inú páálí

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá fóònù Android olówó pọ́ọ́kú, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Àwọn ayédèrú kan wà lọ́jà tó jẹ́ pé kí ẹ tó já páálí wọn ni kòkòrò, ìyẹn ápù aṣebi tó ń ṣiṣẹ́ fún olè, ti wà nínú wọn. Ara wọn ń dán, orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá ló wà lẹ́yìn wọn, owó wọn kò sì tó ti ojúlówó rárá. Tí ẹ bá gbé fóònù náà padà nítorí kòkòrò, ohun tí ẹni tó tà á máa sọ ni pé, "Ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ ká bá yín rísẹ́ẹ̀tì ẹ̀." Ẹ má gbà.

Ọ̀kan lára àwọn kòkòrò náà ń jẹ́ Triada. Kaspersky, ilé iṣẹ́ tó ń gbógun ti kòkòrò kọ̀ǹpútà, tú àṣírí ẹ̀ ní 2016. Nígbà tó di 2019, Google fúnra wọn jẹ́rìí sí i pé ó ti wà nínú àwọn fóònù kan kí wọ́n tó dé ọjà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó ṣílẹ̀kùn fún olè. Bí ẹ bá ti tan dátà, á kàn sí ọ̀gá ẹ̀, á gbàṣẹ, á wá máa fa ápù mìíràn wọlé láìbéèrè lọ́wọ́ yín. Èyí á máa fi ìpolówó bo ojú fóònù, tọ̀hún á máa jẹ owó ìpè yín, òmíràn á máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí báǹkì fi kóòdù ránṣẹ́.

Ibi tó sá sí gan-an ni wàhálà. Àwòrán àti ápù yín wà níbi kan, Android fúnra ẹ̀ wà níbòmíràn tí wọ́n ń pè ní system. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni rísẹ́ẹ̀tì ń nù. Ẹ gbálẹ̀ pálọ̀ tán, ejò ṣì wà lókè àjà. Kòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ xHelper, tó gbòde ní 2019, tún burú sí i. Kò ní àmì lójú fóònù, àfi kí ẹ wọ Settings, Apps, kí ẹ tó rí i. Á fa Triada wọlé, Triada á sì da ẹ̀dà sínú system, á ti fáìlì náà pa. Ó tún máa ń yí libc.so, fáìlì kan tí Android fi ń ṣiṣẹ́, padà, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè ṣí system láti kọ nǹkan sí i tàbí pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, Settings, About. Tí kò bá kọ "Device is certified" (ìyẹn pé Google fọwọ́ sí fóònù náà) síbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ fi IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) tó bá jáde wé ti ara páálí. Tí ẹ bá délé, ẹ má tíì fi ápù kankan sí i. Ẹ fi dátà díẹ̀ sí i, kí ó sùn mọ́jú, kí ẹ wo Data usage. Tí dátà bá ti gbẹ, tàbí tí ápù tí ẹ kò mọ̀ bá hù, ẹ yọ síìmù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tó bá jẹ́ APK (fáìlì ápù tí kò ti Play Store wá) tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé wọlé ló kó kòkòrò wá, ó rọrùn. Ẹ tan fóònù ní Safe mode, níbi tí ápù tí ẹ fi sí i kò ti ní lè ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ gba agbára Device admin kúrò lọ́wọ́ ápù náà, torí láìṣe bẹ́ẹ̀ kò ní ṣeé yọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi Play Protect, ayẹ̀kòkòrò tó wà nínú Play Store, yẹ fóònù wò. Tó bá padà wá, ó di kí wọ́n fi Android ojúlówó láti ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà fláàṣì ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n fi rọ́pò èyí tó wà nínú ẹ̀. Ayédèrú kò ní ojúlówó fáìlì kankan, èyí tí wọ́n sì bá yín wá sí i lè ní kòkòrò kan náà nínú. Ẹ gba owó yín padà. Orí fóònù mìíràn tó mọ́ ni kí ẹ ti pààrọ̀ páásíwọọ̀dù báǹkì àti ímeèlì, kì í ṣe lórí èyí. Ẹ sì rí i pé wọ́n kọ IMEI àti iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sára rìsíìtì kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.