Wọ́n yọ òróòro mi, mo lọ jẹ sítéèkì

Odidi oṣù mẹ́fà ni mi ò fi fẹnu kan ẹran tó lọ́ràá. Òkúta ló wà nínú àpò òróòro mi. Ọjọ́ tí mo bá ṣàṣìṣe jẹ àkàrà, abẹ́ ìhà ọ̀tún mi ni yóò sọ fún mi lóru. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ìrora ọ̀hún sì ká mi mọ́ orí ìjókòó awakọ̀ lọ́jọ́ kan ní Old Kent Road. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, èrò ń bínú, èmi ń làágùn. Ògì, ẹ̀wà tí ò lépo, ẹja sísè: oúnjẹ mi nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ tán, tí ara mókun, Bàbá Ìbejì bi mí pé kí ni òun lè fi kí mi kú ewu. Mo ní ẹran ni. Kì í ṣe ẹran inú ọbẹ̀ o. Sítéèkì, ẹran màlúù tí wọ́n gé nípọn, tí wọ́n dín.

Ọmọ alápatà ni mí, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìsọ̀ bàbá mi wà. Ohun tí kì í fi ṣeré ni bí a ṣe ń yọ òróòro lára ẹ̀dọ̀ láìjẹ́ kó bẹ́. Bó bá bẹ́, ẹ̀dọ̀ korò nìyẹn, kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Dókítà ya àwòrán àpò kékeré yẹn fún mi sórí bébà, ó ní ihò kéékèèké mẹ́rin lòun máa dá sí mi níkùn, òun á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú kí òun lè ríran dáadáa, òun á wá fa àpò náà gba ojú ìdodo jáde. Ohun tí mo bi í kò ju pé, ‘Kò ní bẹ́ ṣá?’ Ó rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ni mo wọlé, alẹ́ ọjọ́ náà ni mo padà sílé. Èjìká ló dùn mí ju ikùn lọ. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ló fà á.

Ilé oúnjẹ tí a lọ kò jìnnà sí London Bridge. Mi ò ní dárúkọ wọn nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún tó ń bọ̀ níwájú. Alẹ́ Jímọ̀ọ́ ni, àwa mẹ́rin: èmi, Bàbá Ìbejì, Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹni tí mo fẹ́ kọ́kọ́ yìn ni ọmọbìnrin tó gba oúnjẹ wa lẹ́nu. Mo ṣàlàyé fún un pé mi ò ní àpò òróòro mọ́. Ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣe omi rẹ̀ o, àmọ́ kò síbi tó ń fi pa mọ́ mọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń kán sínú ìfun. Bí ọ̀rá bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kù. Ọmọ náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó padà wá sọ pé kí n má mú ribeye tí ọ̀rá gba inú rẹ̀ kọjá, kí n mú fillet, àwọn á sì yọwọ́ bọ́tà tí wọ́n máa ń dà lé e. Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn. Abẹ́ eegun ẹ̀yìn ni fillet wà, níbi tí màlúù kì í fi ṣe iṣẹ́ kankan, òun ló ṣe rọ̀ tí kò sì lọ́ràá. Giramu 200, £39.

Bàbá Ìbejì mú ribeye, ó ní kí wọ́n dín in kó jiná dénú. Ọmọ náà bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní kí wọ́n tún fi díẹ̀ kún un. Àwọn ìbejì ń wo ilẹ̀.

Tèmi dé. Ìta rẹ̀ dúdú, ó gbẹ, iyọ̀ hàn lórí rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ lé e, kò bá ọ̀bẹ jà rárá. Inú pupa bí ojú obì. Èmi tí mo dàgbà sídìí ẹran, mi ò mọ̀ pé ẹran màlúù lè dùn láìsí ata. Mo gbé ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo ń pọ́nnu lá bí ọmọdé.

‘Ìyá Ìbejì, màlúù yìí ṣì ń mí o.’

Mo ní kí Bàbá Ìbejì má dààmú, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọrùn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nù lọ́jọ́ tí a bá pa ẹran. Pupa tó kù jẹ́ èròjà kan tó ń bá iṣan di ọ́síjìn mú, iná ló sì ń sọ ọ́ di àwọ̀ eérú. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà kọ́ ni bàbá mi ń jẹ ẹran. Òótọ́ ni. Màlúù tí bàbá mi ń pa, ọ̀pọ̀ ti fẹsẹ̀ rìn jìnnà láti òkè Ọya, iṣan wọn yi, ọjọ́ tí a pa wọ́n náà la sì ń tà wọ́n. Sísè títí ló lè tu irú iṣan bẹ́ẹ̀ lójú. Bàbá mi sì tún ń bẹ̀rù aràn, ẹ̀rù tó tọ́. Ti ibí yìí, ọjọ́ 28 ni wọ́n kọ sára ìwé oúnjẹ pé ẹran náà fi so rọ̀ nínú yàrá tútù, kí iṣan rẹ̀ lè rọ̀, kó tó dé iwájú mi.

Ó ku ọ̀dùnkún díndín. Ó tutù. Mo dá a padà, òmíràn dé, òun náà tutù. £6.50 fún abọ́ kan, a sì mú mẹ́rin! Ohun tí wọ́n pè ní ọbẹ̀ ata, ata dúdú díẹ̀ nínú ọ̀rá wàrà ni, mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Gbogbo owó wa jẹ́ £202.50, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi kún un fún ìtọ́jú wà nínú rẹ̀. A lè ní kí wọ́n yọ ìyẹn, àmọ́ mo san án nítorí ọmọbìnrin yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ra fillet méjì, £9 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọjọ́ Àìkú. Láti alẹ́ Sátidé ni mo ti fi iyọ̀ pa wọ́n, tí mo gbé wọn sínú fíríìjì láìdé e. Ara ẹran gbọ́dọ̀ gbẹ, torí bí omi bá wà lójú rẹ̀, híhó ni yóò máa hó, ojú rẹ̀ kò ní dúdú. Páànù irin wíwúwo ni mo lò, mo dá òróró díẹ̀ sí i, mo dúró títí èéfín fi ń yọ. Mò ń yí ẹran náà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń ké bí ó bá gbóòórùn èéfín pariwo, Táyé ń fi aṣọ ìnuwọ́ fẹ́ ẹ. Mo ti tẹmómítà bọ àárín: 54°C, mo gbé e kúrò. Bí ẹ bá jẹ́ kó sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, á fúnra rẹ̀ gùn ún dé 57 tàbí 58, omi rẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dà sórí àwo. Odidi ẹran ni mò ń sọ o, tí kòkòrò rẹ̀ ń gbé lójú ara. Ẹran lílọ̀ gbọ́dọ̀ jiná dénú.

Èkejì ni mo fi sílẹ̀ lórí iná títí fún Bàbá Ìbejì, ó le bíi bàtà. Bàbá Ìbejì ní kí n jẹ́ kí òun tọ́ tèmi wò, láti ẹ̀gbẹ́ tó jiná nìkan. Mo lọ gbé ọ̀dùnkún nínú ófùnù. Nígbà tí mo fi máa padà pẹ̀lú rẹ̀, gbígbóná janjan, ó ti gé e dé àárín.