Yamaha V-Max 4 ti 1992: ohun tójú mi rí lọ́dún mẹ́ta

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá snowmobile yìí, ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn lórí yìnyín, rà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ là á yé yín pé mẹ́rin mẹ́rin ni nǹkan inú ẹ̀. Sìlíńdà mẹ́rin, písítìnì mẹ́rin, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kábúrétọ̀ mẹ́rin. Tó bá ń dùn, mẹ́rin ló ń dùn pa pọ̀, tó bá sì fẹ́ yọ yín lẹ́nu, ibi mẹ́rin ló ti lè bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi, mo ti bú u, mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú gáréèjì lóru ọjọ́ kan tí inú ń bí mi, mi ò sì tíì tà á.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún 1992 ni Yamaha fi gbé e jáde, ẹ́ńjìnnì tú-sítóòkù (irú tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo), 750 cc, sìlíńdà mẹ́rin tó tò sórí ìlà kan, omi ló ń tù ú lára. Nígbà yẹn, méjì tàbí mẹ́ta ni sìlíńdà tàwọn tó kù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Arctic Cat, ilé iṣẹ́ míì tó ń ṣe snowmobile, náà gbé Thundercat 900 tiẹ̀ dé, sìlíńdà mẹ́ta, ẹ ti mọ̀ pé ìjà ta-ló-lágbára-jù ni wọ́n ń jà nígbà náà, ta ló ń ro ti epo? Yamaha náà wá sọ tiwọn di 800 nígbà tó yá. Èmi, 750 àkọ́kọ́ yẹn ni mo ń wá, torí ẹlòmíì ti gun ọ̀kan kọjá níwájú mi rí, ohùn ẹ̀ ò sì kúrò létí mi mọ́ látọjọ́ náà.

Wàhálà ń sùn, èmi ni yánpọnyánrin tó lọ jí i. Ẹni tó tà á fún mi ní “ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tá a gbé e pamọ́”. Mi ò rántí bi í pé ìgbà wo ni wọ́n gbé e pamọ́. Epo ṣì wà nínú táǹkì, epo ọdún gbọ́ọ́rọ́, ó ti pọ́n, ó ń rùn bíi fáníìṣì, èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ ti di oje, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Mo fọ táǹkì, mo da epo tuntun sí i, mo fa okùn ẹ̀ bí ẹni ń fa jẹnẹrétọ̀ títí èjìká fi ń ta mí, ló bá jí. Ó jí lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo wá rọra ń kán omi sí ibi tí páìpù ti jáde lára sìlíńdà lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì ń pariwo ṣìì, méjì dákẹ́. Bí èèyàn ṣe ń mọ èyí tí ò ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò gba kọ̀ǹpútà kankan.

Kábúrétọ̀ yẹn nìkan gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ihò jẹ́ẹ̀tì kékeré inú ẹ̀ fẹ́ẹ̀rẹ́ má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ìdọ̀tí tó bá sì há síbẹ̀, ojú lásán ò lè rí i, àfi kéèyàn gbé e sókè sí iná kó wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá. Mo fọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tò wọ́n padà, mo tún tú wọn torí pé ọ̀kan ṣì ń da epo nù, ìgbà kẹta ló tó gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbọ́dọ̀ mú wọn bára dọ́gba, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ṣí lẹ́ẹ̀kan náà bí àtàǹpàkò bá ti kan tọ́tù (ohun téèyàn ń tẹ̀ kó lè sáré), tí ọ̀kan bá ṣáájú àwọn yòókù, ẹ́ńjìnnì ò ní balẹ̀ láé.

Ibi tó léwu jù, ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń tà á kì í sọ ọ́, ni rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó ti gbẹ, ó ti sán, tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ wò ẹ ò ní rí ibi tó ti sán. Afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, epo á kéré sí afẹ́fẹ́, iná inú sìlíńdà á gbóná kọjá bó ṣe yẹ, písítìnì á sì lu. Nǹkan tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan ló ń pa nǹkan olówó ńlá.

Tèmi náà bàjẹ́ o, àmọ́ mi ò ní parọ́, kì í ṣe rọ́bà, ẹ̀bi mi ni. Ọdún kejì, òtútù àárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré, àwọn ọ̀rẹ́ ti ṣáájú, mo fà á, ó jí, mi ò jẹ́ kó gbóná tó ìṣẹ́jú kan, mo tẹ̀ ẹ́ lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: písítìnì tètè ń gbóná, ó sì ń wú, ṣùgbọ́n ara sìlíńdà tí omi tútù yí ká kò tíì wú, àyè wá kéré láàárín wọn, ó bá fún mọ́ra. Mo gbọ́ ohùn kan bí ẹni ń ya béébà, bẹ́líìtì abẹ́ ẹ̀ (rọ́bà fífẹ̀ tó ń yí lórí yìnyín) há lẹ́ẹ̀kan, ó tún tú, a sì dúró. Nígbà tí mo ṣí i, sìlíńdà kẹta ti họ yánnayànna. Látìgbà náà, mo máa ń gbé ẹ̀yìn ẹ̀ lé ìdúró ni, màá jẹ́ kó máa rọra sọ̀rọ̀ títí ọwọ́ á fi mọ̀ pé ara ẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá ń kánjú kó máa lọ.

Ó dáa, mo ti ráhùn tó, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mi ò fi tà á.

Lórí adágún tó dì, tí iwájú tẹ́jú lọ rẹrẹ, ibẹ̀ ni ẹ máa mọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Kò ní jíà téèyàn ń pààrọ̀, kúlọ́ọ̀ṣì méjì ni, bẹ́líìtì rọ́bà kan ló so wọ́n pọ̀, bí eré bá ṣe ń le sí i ni bẹ́líìtì náà á máa gun òkè lára ti iwájú tá á sì máa rì wọlé lára ti ẹ̀yìn, nítorí náà ohùn ẹ́ńjìnnì kì í lọ sókè sódò bíi tọ̀kadà, ojú kan ló máa ń dúró sí, ilẹ̀ ló ń sá lábẹ́ yín. Ohùn yẹn gan-an, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ti onísìlíńdà méjì máa ń han, ti mẹ́ta máa ń bú ramúramù, èyí ò jọ ìkankan nínú wọn. Ó dà bí ìgbà téèyàn méjì di etí aṣọ mú tí wọ́n ń fà á ya, tí aṣọ náà ò sì tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tẹ tọ́tù ẹ̀ dé ìparí. Abẹ́rẹ́ dé 95 máìlì, ó ṣì fẹ́ máa lọ, èmi ni mi ò fẹ́ lọ mọ́.

Dídúró ẹ̀ ńkọ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti búréèkì kí ẹ tó rí ohun tó máa mú yín tẹ̀ ẹ́, orí áìsì ni ẹ wà, ohun tó wúwo ni ẹ jókòó lé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: áìsì tuntun tó mọ́ gaara gbọ́dọ̀ nípọn tó ínǹṣì 5 sí 7 kó tó gba snowmobile, èyí tó funfun tí yìnyín dà pọ̀ mọ́ kò sì lágbára tó o. Tí ò bá tó 8, èmi ò ní gun tèmi débẹ̀. Ohun mìíràn rèé, yìnyín tí bẹ́líìtì abẹ́ ẹ̀ ń tú sókè ló ń tu omi rédíétọ̀ ẹ̀ lára, òun náà ló ń fi omi sí ọ̀pá pílásítíìkì tí bẹ́líìtì náà ń yọ̀ lórí ẹ̀. Tí áìsì bá ṣófo, tí afẹ́fẹ́ ti gbá gbogbo yìnyín kúrò, láìpẹ́ iná pupa á tàn, ẹ sì máa gbọ́ òórùn pílásítíìkì tó ń yọ́. Etí adágún ni mo máa ń yà sí nígbà yẹn, ibi tí yìnyín kó jọ sí, kí n fi tù ú lára.

Nínú igbó, ẹ gbàgbé ẹ̀. Pẹ̀lú epo nínú, ó ju 250 kìló lọ, iwájú ló sì wúwo sí. Ọ̀nà tó rí gbágungbàgun á fi ẹ̀yìn yín jìyà, ṣọ́ọ̀kì ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ti ìsinsìnyí, tí ẹ bá sì fẹ́ yà kíá, síkì iwájú (ẹsẹ̀ gígùn méjì tó fi ń yọ̀ lórí yìnyín) á máa yọ̀ lọ tààrà bí ẹni tí ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Mo pààrọ̀ irin abẹ́ síkì, ó dín kù, kò tán. Nínú yìnyín jíjìn ńkọ́? Mo rì sínú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, wákàtí méjì ni mo fi wà á jáde, òógùn ara mi dì mọ́ kọ́là. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí tiwọn fúyẹ́ ń ya fọ́tò.

Epo, ẹ má bi mí. Ọ́ìlì tú-sítóòkù tún wà lọ́tọ̀ tí ẹ ó máa rọ sí táǹkì tiẹ̀, èéfín ẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ìyàwó mi ò jẹ́ kí jákẹ́ẹ̀tì mi wọ ilé mọ́.

Pátì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀ téèyàn ń rà pààrọ̀, ni ọ̀rọ̀ tó kù. Nínú oṣù kẹfà ọdún 2023 Yamaha kéde pé àwọn ò ní ṣe snowmobile mọ́, mọ́dẹ́ẹ̀lì 2025 ló sì jẹ́ ìkẹyìn fún Amẹ́ríkà àti Kánádà. Púlọ́ọ̀gì, bẹ́líìtì, písítìnì, ìyẹn ṣì wà, àwọn mìíràn ń ṣe é. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, gíláàsì iwájú, sítíkà ẹ̀gbẹ́, àdúrà ni. Ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi síìlì kíráńkì ránṣẹ́ sí mi, ti mọ́dẹ́ẹ̀lì mìíràn pátápátá ni, a fa ọ̀rọ̀ náà fún oṣù méjì. Mo kúkú ra òkú V-Max 4 kan gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà láàyè, òun ni mo ń tú lára ẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ti yọ mí.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé gééjì dání kí ẹ wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ńbà tí ẹ máa rí ò ṣe pàtàkì tó kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ra, tí ọ̀kan bá jìnnà sí àwọn yòókù, ó ti họ nìyẹn. Ẹ tẹ rọ́bà kábúrétọ̀ wò. Ẹ ká bẹ́líìtì abẹ́ ẹ̀ bóyá ó ti ń sán. Ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á ṣáájú pé kó má jí i kí ẹ tó dé, torí ẹ́ńjìnnì tútù ni kì í purọ́. Tí ẹ bá débẹ̀, tí ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ bi í pé kí ló dé.