Ìkòkò Dada Ìlọrin: ọbẹ̀ ń dùn nínú ẹ̀, àmọ́ ẹ fìka lù ú kẹ́ ẹ tó sanwó

Ìkòkò ọbẹ̀ táwọn ìyá amọ̀kòkò ń mọ ní Dada, ládùúgbò Òkèlele n'Ílọrin, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ o. Tó bá jẹ́ ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fi sè, ẹ rà á jàre. Gbẹ̀gìrì ni mo sábà máa ń fi tèmi sè, lórí iná igi, lórí gáàsì náà (iná kékeré ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ṣá), kò tíì là.

Bí wọ́n ṣe ń sun ún ló fà á. Kò sí pé wọ́n ń wá kiln (ààrò tí wọ́n fi ń sun ìkòkò) kankan. Wọ́n á dojú ìkòkò àtijọ́ délẹ̀, wọ́n á tẹ amọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ kí amọ̀ náà lè rí bíi tiẹ̀, tó bá ti le díẹ̀ wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á mọ ọrùn àti ẹnu lé e, tó bá wá gbẹ tán wọ́n á tò wọ́n jọ síta gbangba, igi àti koríko gbígbẹ á bò wọ́n, ó diná. Bó ṣe ń pọ́n yòò lọ́wọ́ ni wọ́n á fi igi gígùn fà á jáde, wọ́n á wọ́n omi èèpo irúgbá sí i lára, ibẹ̀ ni dúdú tó ń dán yẹn ti ń wá, ó sì máa ń dín jíjò ẹ̀ kù. Iná gbangba bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá 900 digírì, torí náà ihò wínníwínní ṣì máa ń kù nínú amọ̀ yẹn, àwọn ihò ọ̀hún ló jẹ́ kó lè gba iná lójijì. Àwọn náà ló ń jẹ́ kí omi inú àmù tutù, omi ń yọ́ jáde lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ.

Ti inú kiln bíríkì yàtọ̀, irú èyí tí Michael Cardew, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní 1951 ní Abuja àtijọ́, ìyẹn Suleja báyìí, níbi tí Ladi Kwali, màmá tó wà lára náírà 20 yẹn, ti ṣiṣẹ́. Igi náà ni wọ́n ń kó sí i, àmọ́ ooru ò ríbi sá lọ, á gbóná dé nǹkan bíi 1,280 digírì, glaze (èròjà tí wọ́n fi ń kun ara ẹ̀) á yọ́ bíi gíláàsì, amọ̀ á dì pinpin. Fún ife tíì àti àwo, òun ni baba. Àmọ́ ẹ má gbé e kaná o! Mo rí ọlọ́jà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń polówó ẹ̀ pé ó dáa fún ọbẹ̀ sísè, kó jókòó jàre.

Iná gbangba kì í kárí, ìyẹn lẹ ṣe gbọ́dọ̀ fìka lu ìkòkò kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó mú. Tó bá ró gooro, ó jinná. Tó bá dún bọ̀ọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ mú ọmọrí ẹ̀ níbẹ̀ náà, kẹ́ ẹ dé e wò, torí ọwọ́ ni wọ́n fi mọ gbogbo ẹ̀, kò sí méjì tó bára mu. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ se omi ògì nínú ẹ̀ kó tó kan ata, kójú ihò yẹn lè dí, ẹ má sì fọṣẹ fọ̀ ọ́, ó máa fà á mu.